Bọ́ọ̀lù tí Sunnvá Jù Sílẹ̀ fún Tóki

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sunnvá ti ń fun fèrè lórí pápá ní erékùṣù Suðuroy, ṣùgbọ́n wọn ò bú u rí tó ti Sátidé yẹn.

Ọ̀mì ni, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Heðin, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ikọ̀ onílé, fò sókè láti fi orí gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnìkejì rẹ̀ nínú ikọ̀ kan náà fò pẹ̀lú. Orí kọlu orí, gbàgà! Bọ́ọ̀lù já sẹ́sẹ̀ Tóki, ọmọ ikọ̀ àlejò, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ku òun àti aṣọ́lé. Gbogbo ojú tẹ̀ lé Tóki. Sunnvá nìkan ló bojú wẹ̀yìn. Ó rí Heðin tó dojú bolẹ̀, tí kò mira. Kíá, ó fun fèrè, kí Tóki tó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

"Rẹfirí! Góòlù lẹ gbà lẹ́nu mi yẹn!" Tóki fi ìbínú ké.

"Ẹ padà sídìí lẹ́tà yín!" ẹnì kan ké láti ẹ̀gbẹ́ pápá, torí lẹ́tà ni Sunnvá ń pín kiri ìlú.

Sunnvá ti kúnlẹ̀ ti Heðin, tí ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Marjun, nọ́ọ̀sì tó bá ikọ̀ àlejò wá, sáré dé. Àwọn méjèèjì rọra yí i, Marjun di orí rẹ̀ mú, ó ti àgbọ̀n rẹ̀ síwájú kí ọ̀nà èémí rẹ̀ lè ṣí. Heðin fa èémí kan, ó tún fa òmíràn. Sunnvá ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú òun.

Nígbà tí ọkọ̀ gbé Heðin lọ, Sunnvá lọ dúró síbi tí bọ́ọ̀lù wà nígbà tí fèrè dún.

"Tóki, máa bọ̀. Ìwọ ni màá jù ú sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sún sẹ́yìn, mítà mẹ́rin gbáko!"

"Ẹni tiwa ló ṣèṣe, Rẹfirí," ni olórí ikọ̀ onílé wí.

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wọn ni bọ́ọ̀lù wà, ọwọ́ wọn náà ló ń padà sí."

Ó jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ikọ̀ onílé mẹ́fà ti dí ọ̀nà àwọ̀n báyìí; Tóki kàn gbá a sẹ́yìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀mì náà ni wọ́n parí sí.

Lẹ́yìn eré, Tóki wá bá Sunnvá. "Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ṣì ń dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ẹ́."

"Àmọ́ ẹ ṣeun. Mi ò wẹ̀yìn rárá. Ká ní èmi ni mo ṣubú..."

Ní Ọjọ́bọ̀, Oluva, ìyá Heðin, kan ilẹ̀kùn Sunnvá nínú òjò, ó gbé ìgò jáàmù dání.

"Ọmọ mi ti ń jẹun! Ó ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀!"

"Marjun ló yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mà."

"Mo ti lọ bá a lánàá. Mo dì mọ́ ọn títí tó fi ní òun ò lè mí mọ́. Òun ló sọ fún mi pé ká ní fèrè yẹn pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú lòun ì bá bá nílẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun, o ṣeun."

Sunnvá fà á wọlé, ó gbé omi kọfí kaná. Wọ́n jókòó títí òjò fi dá.