Agbádá Tí Òtútù Ń Mú

Ẹ̀gbọ́n mi, orí àga yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ mi, ni oorun ti gbé mi lọ. Mo bá ara mi ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo pọn ọmọ. Gbogbo gílóòbù ń tàn lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gá wa ò sí níbẹ̀, agbádá wọn ló jókòó sórí àga. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i, agbádá lásán sì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀! Mo ní kí n pa ẹ̀rọ náà.

Akọ̀wé ọ̀gá pariwo: “Ẹ má pa á o! Ọ̀gá lè dé nígbàkigbà.”

Ló bá tú ọ̀já ọmọ mi, ó fi bo agbádá. Agbádá ní ó ṣeun.

Ni mo bá jí. Òógùn ti bo ọmọ. Kò síná ní ilé ìwòsàn ìjọba yìí, páálí tí mo fi ń fẹ́ ẹ sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi.