Méjì, Méjì

Craig ló pe ìyá ìyàwó rẹ̀ láti ọsibítù pé ìyàwó òun ti bímọ. Ohun tí gbogbo ìyá ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń kọ́kọ́ béèrè ni Doreen náà béèrè: "Báwo ló ṣe wúwo tó?"

"Obìnrin ni o, Màmá! Méjì..." Ariwo gba fóònù. "...méjì." Ó sì já.

Doreen jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ládùúgbò rẹ̀, bí wọ́n bá ní ọmọ jẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin, pọ́n-ùn mẹ́fà àti áọ́nsì mẹ́rin ni, ìwọ̀n àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló tún ń ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá ọlọ́mọ? Méjì, méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ọ̀sì ṣe pè é nígbà tí Doreen bí àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin tó kéré jù láti yè, kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó, tí wọ́n gbé e jáde. Wọn kò jẹ́ kó rí ojú rẹ̀, wọn kò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. "Gbàgbé, wàá bí òmíràn," ni wọ́n wí. Ìkà gbáà! Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ; tiẹ̀ kú, ó sì tún nù. Ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú. Gillian, ọmọ tó bí tẹ̀ lé e, tó wá di ìyàwó Craig, kò mọ nǹkan kan.

Doreen wọ kóòtù, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù. Ó ti pinnu: bí èyí náà yóò bá lọ, ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé e mọ́ra.

"Ẹ má tíì gbé e lọ!" ló pariwo bó ṣe ń já wọ yàrá. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi rí ojú ọmọ rẹ̀ ná!"

Gillian ń jẹ búrẹ́dì lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà láyà rẹ̀. "Màmá, ta ló fẹ́ gbé ta lọ?"

Nígbà tí Doreen sọ ohun tó gbọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín pa Craig. "Méjì pọ́íntì méjì ni mo wí! Kílò! Ayé ti kọjá pọ́n-ùn, ẹ̀yin Màmá!"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn márùn-ún," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó kéré díẹ̀, àmọ́ kò sí ewu."

Wọ́n gbé ọmọ náà fún Doreen. Ó gbé e títí, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá bi nọ́ọ̀sì pé, "Pọ́n-ùn méjì àti áọ́nsì méjì ńkọ́? Kílò mélòó nìyẹn?"

"Kò tó kílò kan, Màmá. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ mi ni."

Gillian gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Ọmọ wo?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ." Omi ti dà lójú ìyá náà. "Mo sọ ọ́ lórúkọ. N kò pe orúkọ náà sí etí ẹnikẹ́ni rí."

Gillian sún, ó fi àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ pè é, kí n gbọ́."

"Clifford," ni Doreen wí.