Iyanrìn Inú Báàgì

Láti àárọ̀ ni baálé mi ti pọn báàgì ńlá yẹn sẹ́yìn, tó ń gun àtẹ̀gùn ilé wa lọ sókè sódò, tí bàtà tuntun tó fẹ́ fi gun òkè ń dún gbì gbì bíi pé orí mi ló ń tẹ̀. Iyanrìn ló rọ kún inú báàgì náà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, afinimọ̀nà kan máa mú un gun òkè yìnyín kan lókè òkun, níbi tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo kú sí lọ́dún tó kọjá. Yìnyín ti yọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti rí òkú ẹ̀.

Mo fi ìbínú jáde ní ilé ìdáná.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni? Ṣebí afinimọ̀nà ní àwọn aláàárù ló máa gbé gbogbo ẹrù gòkè! Kí ni ti iyanrìn?"

Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àlọ kọ́ ni mò ń múra ẹ̀. Àbọ̀ ni. Aláàárù kankan ò ní gbé òkú ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn. Èmi ni màá pọ̀n ọ́n."

Mo gba báàgì náà, mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí ọmọ wa máa ń gùn láràárọ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa ń dé fún ọmọ náà gan-an ló dé.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bu iyanrìn abọ́ kan wá, mo dà á kún un.

"Ó wọ bàtà lọ síbẹ̀," mo jágbe mọ́ ọn. "Ó wọ kóòtù."