Ìdánwò tí Màmá Àyọ̀ká Ṣe Lójú Oorun

Màmá Àyọ̀ká lá àlá kan lọ́sàn-án àná. Bó ṣe rọ́ ọ fún mi ni mo ṣe ń rọ́ ọ fún yín; ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ sùn, kó lá tiẹ̀.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí màmá ti ń kọ́ àkànlò èdè òyìnbó nínú ìwé kan, nítorí Tiwalọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó. Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá pera wọn lórí fóònù, ẹ̀rín lásán ni wọ́n ń rín síra wọn, ó sì ń dun màmá dọ́kàn.

Orí ìwé náà ni oorun ti gbé e lọ. Ó bá ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan tó léfòó lórí odò, níwájú akọ̀wé kan tó so táì.

"Màmá, ìdánwò àkànlò èdè òyìnbó rèé; bí ẹ bá yege, ẹ ó bá ọmọ ọmọ yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn."

Màmá fún gèlè rẹ̀ le.

Akọ̀wé ní, "Òjò ológbò àti ajá!" Ni ológbò àti ajá bá ń já bọ́ láti òkè. Màmá ṣí agbòòrùn.

"Òjò ńlá nìyẹn," ló fi dáhùn, ó sì ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń balẹ̀: "Ẹ kú ewu o."

Garawa kan sunkún wọlé. "Màmá, bí ẹnikẹ́ni bá kú, òyìnbó á ní ó ta mí nípàá. Kí ni mo ṣe?"

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kàn ń papò dà ni. A kì í fìyà jẹ ohun tí a fi ń pọnmi."

Màmá wá kọjú sí akọ̀wé. "Ìwọ, gbogbo òwe tí o ń pa lójú àgbà yìí, 'tótó ó ṣe bí òwe' dà?"

Akọ̀wé lanu, "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" ló jáde. Ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń jẹ ìwé ẹ̀rí tó ti kọ orúkọ màmá àti ti Tiwalọlá sí.

"Jẹ ẹ́, kò burú," màmá ń bẹ̀ ẹ́, "ṣáà fi ibi tí orúkọ Tiwalọlá wà sílẹ̀ fún mi."

Ibẹ̀ gan-an ló gbé mì. Màmá bú sẹ́kún.

Fóònù ló jí i. Morádéyọ̀, ọmọ rẹ̀ tó bí Tiwalọlá, ló ń pè. "Ẹ má bínú, màmá, Tiwalọlá kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní òun ti ń kọ́ òwe Yorùbá kan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin lòún fẹ́ pa á fún."

Ọmọ náà gba fóònù, ó mí kanlẹ̀. "Tó-tó… ó ṣe bí òwe."

Ó ti gbàgbé òwe náà gan-an tó fẹ́ pa.

Omijé bọ́ lójú màmá. "Wàá rí òmíràn pa, ọkọ mi," ló ń wí. "Wàá rí òmíràn pa."