Delmar Nínú Yàrá Bọ́tà

"Ikùn tèmi? Irin ni!"

Delmar Hruska gbá àyà. Èrò dúró bámúbámú níwájú gíláàsì yàrá òtútù tó wà níbi ìpàtẹ oko ní Iowa. "Láti àná ni mo ti ń jẹ ìpékeré ànàmọ́ yìí. Àpò méje! Òróró tuntun tá a fi dín in, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà wọlé, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló ń gbà jáde, ara ò ní mú nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ tó bó ṣe wù yín, ẹ ò ní sanra!"

Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àpò pé ó lè da inú rú. Delmar ní àwọn lọ́yà ló kọ ìyẹn, ojo ni wọ́n.

Kò sẹ́ni tó ń wá síbi ìpàtẹ tí kì í wo màlúù tí wọ́n ń fi bọ́tà gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá Delmar fi ní kó lọ polówó nínú yàrá òtútù náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Ardith tó ń gbẹ́ màlúù. Bí Màmá bá sì ti bẹ̀rẹ̀ orí màlúù, á ti ilẹ̀kùn pa, kóoru oṣù Kẹjọ má bàa yọ́ etí màlúù náà.

Verla Stensrud, tó ni ogún ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, dúró níwájú gíláàsì, ó ń jẹ ìpékeré wàrùwàrù. Bó bá gbà lónìí láti máa tà á, Delmar di ọ̀gá. Bó bá kọ̀, Delmar padà sídìí ẹlẹ́dẹ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ikùn irin ti sọ̀rọ̀. Ó kùn bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí pákó. Delmar fún itan pọ̀.

"Màmá, kí ló kù lára orí yẹn?"

"Etí méjì."

"Ṣé màlúù adití ò dáa ni?"

"Kí ló ń ṣe ẹ́ tó o fi ń lọ́ bí ejò?"

"Òtútù ni, Màmá."

"Òtútù ló ń mú ẹ làágùn? O káre."

Bó bá ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Verla á mọ̀ pé ìpékeré ti da inú rẹ̀ rú. Delmar bá fẹyín sí i. Verla náà fẹyín. Lójijì ni ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó ti kọ̀ mí! Mo ti délé ẹlẹ́dẹ̀!" Ọkàn Delmar já; ikùn rẹ̀ náà fẹ́ já. "Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é!"

"Etí kan ló kù."

"Màmá, ohun tó máa yọ́ níbí, kì í ṣe bọ́tà!"

Màmá wo ojú rẹ̀, ó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn wéré.

Delmar sáré bí ẹni tí oyin ń lé, ó di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èrò ti tò síbẹ̀, kálukú fún itan pọ̀, àpò ìpékeré lọ́wọ́. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Verla oníṣọ́ọ̀bù ló wà nínú ẹ̀. Ìwọ ni ìkẹsàn-án."