Àtàǹpàkò Tí Kò Gbọ̀n

Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́ mi o. Bí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun lójijì, tó sì ń bì, má dúró wo ọwọ́ rẹ̀. Gbé e, ó di ilé ìwòsàn. Mi ò kàwé púpọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ni ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ. Èmi ń fọ aṣọ, òun ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Kí imú máa ṣẹ̀jẹ̀ kì í ṣe tuntun nílé wa, bó ṣe ṣe bàbá wa náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé lógójì ọdún kí àìsàn tó ń mú imú ṣẹ̀jẹ̀ náà tó dé orí rẹ̀. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n, apá á tẹ̀ lé e, ojú á yí. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló lọ́ mọ́ra nínú ọpọlọ rẹ̀ bí òwú tó ta kókó, ó sì fún un lóògùn. Àwa sọ ọ́ di òfin ní ṣọ́ọ̀bù: àtàǹpàkò bá ti gbọ̀n, ẹni tó bá wà nítòsí, kó já áyọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mọ òfin yẹn jù. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lọ́yà là ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, àtàǹpàkò yín ti fẹ́ jó."

"Lọ́yà, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Ṣòkòtò oníbàárà tí ẹ fẹ́ jó yẹn ni."

A máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n imú òun náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba bàbá rẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń ní, "Na ọwọ́ òsì, jẹ́ n wò ó." Ọmọ á nà án. Kò gbọ̀n. Ọkàn wa á balẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ti lọ tọ́jú màmá tirẹ̀ ní ìlú mìíràn. Èmi àti Lọ́yà ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣàdédé di ẹ̀yìn orí mú.

"Àǹtí, nǹkan bẹ́ nínú orí mi."

Ó bì sórí aṣọ funfun náà. Ó ń pe màmá rẹ̀. Mo ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó wò ó, ó tún un wò.

"Kò gbọ̀n. Èmi ni àìsàn yìí ń ṣe, èmi ni mo mọ bó ṣe ń wá. Oòrùn ló pa á. Jẹ́ kó sùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọrùn rẹ̀ ti le o."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Mo tẹ́ ẹní fún ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ni.

Nígbà tí a máa jí i, kò jí. A gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan wá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní irú iṣan ti bàbá ló wà nínú orí ọmọ, ó sì ti bẹ́.

"Ti àgbàlagbà lè máa mú un gbọ̀n, tàbí kí orí máa fọ́ ọ, fún ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ti ọmọdé kì í rí bẹ́ẹ̀. Kì í fi nǹkan kan hàn, àfi ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá tú."

"Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Dókítà, mo wò ó dáadáa."

"Mo gbọ́, sà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Lọ́yà kú.

A pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé. Kò sunkún. Kò tilẹ̀ gbé báàgì sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló dojú kọ.

"Nígbà tí orí ń fọ́ ọ, kí ló sọ? Ṣé ó pè mí?"

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ láti gba báàgì náà.

"Bàbá Lọ́yà, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé ọmọ mi pè mí?"

"Má bi mí. Mo ti sọ̀rọ̀ jù lánàá. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."