Fúlúbáàkì Méjì

Ọdún mọ́kànlá ni Tavaris Guidry fi ṣe fúlúbáàkì nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Òun ló máa ń sáré ṣíwájú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, tí yóò fi orí kan ẹnikẹ́ni tó bá dínà. Royce, tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, ló kọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó wakọ̀ lọ kí Royce ní Beaumont. Ó bá Royce níwájú ilé tó ń rẹ́rìn-ín.

"Orí òkúta! Ṣé o ṣì ń kan èèyàn?"

"Mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀gá."

Kò pẹ́, Royce tún bi í bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àánú rẹ̀ ṣe Tavaris. Ó wọlé lọ bá Verna, ìyàwó Royce, nílé ìdáná.

"Àǹtí, ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?"

Verna gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò ó títí.

"Tavaris, o bi mí báyìí lánàá. Ibi tó o dúró sí yẹn náà lo dúró sí."

Tavaris wá àná kiri nínú ọpọlọ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó fi lé Verna lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ìyàwó mi kó wá gbé mi. Mi ò mọ bí mo ṣe délé lánàá."